Òpó Táǹkì Tó Tẹ̀ Nínú Fíìmù

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ará àdúgbò. Mo fi lẹ́tà yìí rọ́pò fóònù, torí pé èmi àti ẹ̀yin ti gbìyànjú fóònù, ojú ti fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi yín pé báwo ni orúnkún, ẹ ní, "Àmín." Mo ní òtútù ń mú mi, ẹ ní, "Àmín, á máa pọ̀ sí i." Ó sì pọ̀ sí i.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, kí ẹ lè rí nǹkan sọ nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò bá tún béèrè. Wọ́n ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kan níbí, pẹ̀lú òpó irin gíga tí yóò fara tì kó tó gbéra. Ènìyàn kankan ò ní wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló máa gbé lọ, tí yóò máa yí òṣùpá po, tí yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kì í rí láti ilẹ̀. Èmi kọ́ ni mò ń kọ́ ọ. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kámẹ́rà tó ń wo àwọn tó ń kọ́ ọ.

Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wà lórí òpó tirẹ̀. Á ya fọ́tò kan, á sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún ya òmíràn. Tí a bá wá ṣa díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, tí a tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, tí a sáré fi wọ́n hàn, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á di fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òjò á rọ̀, á dá, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa sáré kiri bí èèrà. Irin á máa ga bí àgbàdo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n nu ojú kámẹ́rà, kí n lé ẹyẹ, kí n sì rí i pé bátìrì ò kú. Mo kàwé fún un.

Mo fi díẹ̀ nínú fíìmù náà sínú káàdì kékeré yìí. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà á lè fi hàn yín. Mo sì fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́, èyí tí ọ̀gá kámẹ́rà wa fẹ́ dànù. Ẹ kàn án mọ́ ara ògiri ilé yín, kó dojú kọ òpó táǹkì omi tí ẹ̀ ń kọ́ fún àdúgbò. Oòrùn ló ń jẹ, kò ní yọ yín lẹ́nu. Tí oṣù mélòó kan bá ti lọ, ẹ yọ káàdì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ fi òmíràn tó wà nínú páálí rọ́pò, màá sì ṣe fíìmù tiyín fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti kàn án tán, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Èmi ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé.

*

Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì

Olójú-kan mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kí ọ kú ìnira. Láti kékeré lo ti ń di ojú kan kó o tó wo nǹkan, mo fi sọ ọ́ ní Olójú-kan, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni yóò dà.

A wo fíìmù rẹ nílé wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò, òun ló ní kọ̀ǹpútà. Èmi, wẹ́dà, ìyàwó rẹ̀, àti Akọ̀wé tí ẹnikẹ́ni ò pè. Fíìmù náà dùn. Nígbà tó parí, Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Alága, iṣẹ́ tó parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí lọmọ yín wá ń fi ọdún mẹ́ta ṣe níbẹ̀?" Akọ̀wé ló béèrè o, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà dúró kí n gbọ́ ìdáhùn.

Mo wá ọ nínú rẹ̀. A dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. A rí ẹyẹ kan tó tóbi ju òpó irin yẹn lọ. A ò rí ọ. Ìyá rẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé o sanra; mo ní ẹyẹ náà sanra. Ó ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ń bá a tọ́jú àwọn ìbejì, kò sì tíì sọ ọjọ́ tó máa padà. Èmi nìkan ni mò ń bá ilé yìí ṣeré.

Bíríkìlà tó ń kọ́ òpó ti kan kámẹ́rà mọ́ igun ògiri pálọ̀, níta. Òpó táǹkì náà ń lọ sókè, a ti dé ìpele kejì. A ti ri páìpù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, omi kànga àdúgbò ti ń gba inú rẹ̀ kọjá fún ìdánwò. Páìpù náà gba ìdí ògiri ilé wa kó tó dé ilé ẹlòmíràn. Kì í ṣe torí pé èmi ni Alága. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti tọ́ jù.

Fi bàtà tí kì í yọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹni tó wà nílé. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Bàbá rẹ,
Alága

*

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀rinrin. Ìbéèrè Akọ̀wé dé etígbọ̀ọ́ mi. Ẹ sọ fún un pé mo wà nínú fíìmù yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí òjò kẹta dá, lápá òsì, mo wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo, mo gbé àkàbà lérí. Tí ènìyàn bá ṣẹ́jú, mo ti lọ. Ẹyẹ yẹn dúró fún fọ́tò mẹ́rin. Wọ́n ti bi mí nípa rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe bi mí nípa ara mi lọ.

Mo rí káàdì tí ẹ fi ránṣẹ́. Fíìmù òpó táǹkì yín rèé nínú páálí yìí, pẹ̀lú bàtà. Ó wù mí gan-an. Ẹ̀yin wà nínú rẹ̀ dáadáa: ẹ dúró sójú kan náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé táǹkì, ẹ ń nàka. Mo sáré tò ó pọ̀ ni, torí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kù díẹ̀ kó lọ, wọ́n ń lé wa kiri. Ẹ fi han gbogbo àdúgbò. Kí Akọ̀wé jókòó níwájú.

Ẹ bá mi kí màámi tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má dá a lóhùn "Àmín" tó bá ní òun fẹ́ gbowó ọkọ̀.

Olójú-kan yín.

*

Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Bàtà bá mi mu. Ọ̀rọ̀ nípa bàtà tán.

Mo pe gbogbo àdúgbò. Wẹ́dà ya ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù sára ògiri lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a so aṣọ funfun kọ́, mo sọ̀rọ̀ ìṣáájú. Mo sọ fún wọn pé kámẹ́rà yìí ti ibi tí wọ́n ti ń lọ sóṣùpá wá. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ní ọjà ni mo ti rà á.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òpó ń ga, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Táǹkì gorí òpó, wọ́n hó. Akọ̀wé wá gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ dá a padà."

Wẹ́dà dá a padà.

Ó ní, "Ṣé ojú mi ni àbí òpó yẹn ń tẹ̀?"

Mo ní, "Ojú rẹ ni."

Ìyàwó wẹ́dà ní, "Alága, ẹ má bínú o, èmi náà rí i. Ó ń fì sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó."

Ọmọ mi, òpó náà ń tẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù ó dúró gbọnyin, nígbà tó máa fi parí, ó ti fì.

Bíríkìlà fò dìde. "Èmi ni mo kọ́ ọ, okùn mi rèé! Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n nísinsìnyí!" Gbogbo wa jáde. Ó gun òkè, ó sọ okùn tó so irin mọ́ kalẹ̀. Okùn náà bá òpó lọ ṣánṣán láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti rí i fúnra yín."

Akọ̀wé ní, "Ta ló ni okùn?"

Bíríkìlà ní, "Èmi ni."

"Ta ló kọ́ òpó?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Ẹ̀yin ará àdúgbò, kámẹ́rà òṣùpá ní òpó tẹ̀. Okùn bíríkìlà ní kò tẹ̀. Èwo lẹ máa gbà gbọ́?"

Wọ́n gba kámẹ́rà gbọ́. Àní bíríkìlà fúnra rẹ̀, mo rí i tó ń wo okùn rẹ̀ tìfura-tìfura.

Wọ́n ti pinnu. Ọjọ́ tí Oṣù Kẹsàn-án bá parí, wọn á wó òpó náà kó tó wó pa ènìyàn. Wọn ò tíì bu omi kankan sínú táǹkì. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi, táǹkì mi kankan ò tẹ̀ rí. Mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́ ẹyọ kan fún àdúgbò mi kí wọ́n lè rántí mi sí rere, òun ni wọ́n máa wó lójú mi. Ta ló fà á? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìbínú ò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án mọ́. Ilé gan-an ò bá mi ṣe é: ilẹ̀kùn pálọ̀ kò pa dé mọ́, fèrèsé sì ń há. Àwọn káfíńtà ìsinsìnyí, wọn ò mọṣẹ́.

Má kọ̀wé sí mi títí màá fi kọ̀wé sí ọ.

Alága (fún ìgbà díẹ̀)

*

Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ dákun, mo ti rú òfin yín. Ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bínú.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo jókòó ti fọ́tò òpó táǹkì yín lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, òpó náà ń tẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òpó fóònù tó wà lókèèrè ń tẹ̀ pẹ̀lú, sápá ibì kan náà, bákan náà gẹ́lẹ́. Òrùlé ilé-ìwé ń tẹ̀. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé ń tẹ̀. Àfi tí gbogbo ayé bá ń ṣubú lápá ọ̀tún tí Akọ̀wé nìkan sì mọ̀, òpó yín ò ṣe nǹkan kan. Ó dúró ṣánṣán. Okùn bíríkìlà tọ̀nà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa níbí. Lọ́dún tó kọjá, fíìmù fi hàn pé òpó irin rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fì. Àwọn ẹnjiníà dá iṣẹ́ dúró, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n mu kọfí. Ọ̀gá kámẹ́rà wa jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán, ó wá ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti wo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀?" Òkè náà ń fì. Òjò ló ti rin ilẹ̀ ìdí òpó tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì wa: Kó o tó sọ pé ó yẹ̀, wò ó bóyá ìwọ lo yẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ nìyí, Bàbá. Kámẹ́rà yín ló yẹ̀. Kámẹ́rà náà ò sì lẹ́sẹ̀. Ara ògiri ni wọ́n kàn án mọ́. Ògiri pálọ̀ yín ń wọlẹ̀ lápá kan. Káfíńtà yẹn mọṣẹ́; ilé ni kò dúró jẹ́ẹ́ fún ilẹ̀kùn.

Ẹ jáde nínú ilé náà lónìí. Ẹ má dúró kó ẹrù. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń pariwo, "Ilé máa wó o!" Ẹ ní, "Àmín ní orúkọ Olúwa." Mo wá pe Akọ̀wé, nínú gbogbo àdúgbò, òun nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé ilé yín fẹ́ wó. Mi ò sọ èyí tó kù fún un nípa òpó, torí mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́. Òpó ò ní pa ẹnikẹ́ni. Ògiri yẹn lè pa yín.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi ní fóònù yín ń dún, ẹ sì ń gbé e, ẹ sì ń ṣàdúrà. Ó ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e padà wálé. Mo ní kó má wọ inú ilé o.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó lọ dáadáa. Inú mi ò lè dùn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n màá sọ fún yín. Gbogbo wa sáré lọ wo fọ́tò àwọn kámẹ́rà wa. Nínú fọ́tò kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ nígbà tí kámẹ́rà ń sinmi. Ọ̀gá mi wò ó títí, ó ní, "Ó kúkú hàn pé ó lọ."

Láti ìgbà náà, gbogbo fọ́tò méjì tó tẹ̀ léra ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ẹ bá wà láàyè, ẹ kọ ìlà kan. Ẹ lè bú mi nínú rẹ̀.

Olójú-kan.

*

Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án

Olójú-kan mi ọ̀wọ́n,

Mo wà láàyè. Mo fi í ṣáájú torí ìyá rẹ ló dúró lórí mi, ó ní òun fẹ́ rí i kí n kọ ọ́ kí n tó kọ nǹkan mìíràn.

Akọ̀wé ti wá lóòótọ́, nínú Oṣù Kẹjọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Alága, ọmọ yín ní ilé yín fẹ́ wó, ẹ jáde." Mo wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ wó òpó mi, òun ló tún dé pé kí n jáde nílé mi. Mo ní kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà mi ná. Ó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, kò tì.

Lẹ́tà Oṣù Kẹjọ rẹ ò dé àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á dé ibi tó o ti ní òpó mi dúró ṣánṣán. Mo ká lẹ́tà náà, mo wọ bàtà, mo pe ìpàdé pàjáwìrì. Ìyókù, mo fi sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá ráyè.

Wẹ́dà ni mo gbé e fún nípàdé, pé kó kà á sókè. Ó ka ibi òpó fóònù, ó ka ibi òkè. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mirí. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò tètè dá a dúró, ló bá kà á lọ: ògiri pálọ̀ yín ń wọlẹ̀. Gbogbo wọn yíjú wò mí.

Akọ̀wé mọ ìṣirò. Tí ilé mi bá tẹ̀, òpó mi ò tẹ̀ nìyẹn, á jẹ́ pé òun ni kò ríran. Ó dìde. Ó ní, "Irọ́ ni! Ilé Alága dúró ṣánṣán! Ilé tó lágbára jù ní àdúgbò yìí nìyẹn!"

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo wá sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ó fẹ́ wó?"

Ó ní, "Oṣù tó kọjá nìyẹn."

Mo ní, "Ilé mi tẹ̀!"

Ó ní, "Kò tẹ̀! Ẹ má ba ilé ara yín jẹ́, Alága!"

"Ó tẹ̀ pátápátá! Fèrèsé ẹ̀ ń há!"

"Fèrèsé tèmi náà ń há!"

Ọmọ mi, èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ilé yẹn, mo dúró láàárín èrò, mò ń bú u. Ọ̀tá mi ló ń gbà á sílẹ̀.

Bíríkìlà ló là wá. Ó mú okùn, a tẹ̀ lé e. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti igun òkè ògiri, níbi tí kámẹ́rà wà. Lókè, okùn fara kan ògiri. Nísàlẹ̀, bíríkìlà fi orí rẹ̀ sí àárín okùn àti ògiri, orí rẹ̀ wọlé tòun ti fìlà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn ò ní wó òpó mọ́. Ìyàwó wẹ́dà kígbe pé, "Alága, ilé yín bà jẹ́ o! Ẹ kú oríire!" Mo juwọ́ sí wọn.

Bíríkìlà wá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ní ìdí ògiri. Omi sun jáde. Páìpù tó gba ibẹ̀ ti ń jò látìgbà tí a ti ń dán an wò. Ó ní, "Ta ló ní kí páìpù gba ibí?" Mo ní ẹgbẹ́ ló pinnu. Akọ̀wé ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ò rántí. A fi í síbẹ̀.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ tán, kálukú ń lọ sílé rẹ̀, mo sì rí i pé èmi nìkan ni kò nílé tí mo máa lọ. Mi ò tíì ro ibẹ̀. Mo fẹ́ padà wọlé, kí n kàn mú rédíò, kí n sì sùn mọ́júmọ́. Akọ̀wé di apá mi mú. Ó ní, "Ẹ ti borí mi lónìí. Ẹ ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí wọ́n wá ní ìlara ni mo fi pa yín. Mo ní yàrá kan." Mo ní mi ò lọ. Ó ní òun náà ò fẹ́ kí n wá. Báyìí la ṣe jọ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Akọ̀wé máa ń han-run. Ó ní èmi ni mò ń han-run. Ìyá rẹ dé lánàá, ó ní àwa méjèèjì ni.

Ògiri wó lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta tí mo dé ibí. Òjò ń rọ̀, èmi àti Akọ̀wé ń jiyàn lórí bó ṣe máa kọ ìpàdé náà sílẹ̀, ó fẹ́ kọ pé "àríyànjiyàn díẹ̀ wáyé." A gbọ́ gbì. Nígbà tí a fi débẹ̀, òrùlé ti gorí bẹ́ẹ̀dì mi. Ibi tí mo máa ń gbé orí sí gan-an ni ìtì igi àjà kan sùn sí. Akọ̀wé wò ó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní kí n wá jẹun.

Wẹ́dà rí kámẹ́rà rẹ nínú àlàpà, ojú rẹ̀ ṣì dá. Mo fi káàdì rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n a ti wò ó. Títí dé ìparí, òpó táǹkì mi ló wà níbẹ̀, ó dúró sínú òjò. Nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, kò sí òpó, kò sí àdúgbò. Ojú ọ̀run nìkan ni, pẹ̀lú ìkùukùu. Kámẹ́rà náà ti dojú sókè, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Fọ́tò ọ̀run pọ̀ níbẹ̀ kí bátìrì tó kú.

Akọ̀wé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awò ojú. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá rọ́kẹ́ẹ̀tì yín wà nínú ìkankan. Mo ní ìyá rẹ ti sọ fún mi pé ó ti kọjá tipẹ́. Ó ní kí n ṣáà bi ọ́.

Bàbá rẹ,
Alága